Láti Ọrùn Dé Ilẹ̀

Mo rántí ìgbà tí gbogbo Ìkọ̀tún mọ ẹsẹ̀ mi, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú mi. Mi ò sọ àsọdùn. Ẹsẹ̀ mi wà nínú fíìmù, ìbàdí mi wà níbẹ̀, ẹ̀yìn mi wà níbẹ̀, apá mi méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n yá mi. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni orí mi. Orí ẹlòmíì ni wọ́n gbé lé e.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè lóye, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí gbajúmọ̀ òṣèré kan bá ní láti jó nínú eré, tí kò sì mọ ijó jó, wọ́n á wá oníjó kan tí ara wọn jọra. Wọ́n á wọ aṣọ gbajúmọ̀ fún oníjó, ayàwòrán á sì ya oníjó láti ọrùn dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya gbajúmọ̀ láti ọrùn sókè, tí á kàn máa mi èjìká díẹ̀díẹ̀, tí á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń wò ó nílé á rí obìnrin kan ṣoṣo tó mọ ijó jó bíi kí ó má dáwọ́ dúró. Ojú wa báyìí ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́ fún ayàwòrán: "Ọrùn dé ilẹ̀ la fẹ́ o." Èmi ni ọrùn dé ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ọrùn dé ilẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kan wà ní Ìkọ̀tún nígbà náà, nítòsí ibi tí mo ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgàndò. Ó kọjú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí ojú títì, kí àwọn tó ń kọjá lè dúró wò ó, kí wọ́n sì rántí pé irun wọn ti kún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń kọjá lọ, mo rí ẹsẹ̀ mi nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Àwọn ọkùnrin ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ní, "Wo obìnrin yìí. Kò léegun lára rárá." Èkejì ní, "Ìdí tó fi jẹ́ gbajúmọ̀ nìyẹn. Àwọn yòókù kàn ń ṣeré ni." Orúkọ tí wọ́n ń dá kì í ṣe orúkọ mi.

Ẹni tó bá gbọ́n á bá tirẹ̀ lọ. Èmi wọlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jó ijó yẹn."

Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí láti ẹsẹ̀, ó wò mí dé ìdodo, ó wò mí dé ọrùn, ìgbà tó dé ojú ló dúró. "Ẹ̀yin kẹ̀? Àǹtí, orí yín dà níbẹ̀?"

Mo ní wọn ò ya orí mi.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan tí wọ́n ti gẹ apá kan irun rẹ̀, tí apá kejì ṣì wà níbẹ̀, dá wọn lẹ́kun. "Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Èmi náà ni mo gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gba ife lọ́jọ́sí. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni wọ́n yà."

Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, èmi ọmọ yunifásítì, mò ń kọ́ àwọn tó wá gẹrun bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo ní àpá kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì mi, kí wọ́n dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, wọn á rí i. Mo ti ká ṣòkòtò sókè, mo ti nasẹ̀ fún wọn. Onígbàjámọ̀ na ọwọ́ láti dá a padà, iná lọ. Ó yíjú sí mi pẹ̀lú àánú tòótọ́, ó ní, "Ẹ̀rí yín ti bá iná lọ nìyẹn, Àǹtí." Mo ká ṣòkòtò mi sílẹ̀, mo bọ́ sójú títì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò mọ̀ nígbà náà pé màá lò ó.

Ègbẹ́dá ni à ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé tí a háyà. Èkìtì ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, olùkọ́ ni ìyá mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìpájà. Ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́kọ́ jó lójú èèyàn. Ìgbà tó yá, àwa ọ̀dọ́ kan kóra jọ, a ń fi ijó dánra wò láràárọ̀ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá mi ti ń kọ́ni. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló bá wa gba kọ́kọ́rọ́. Ó rò pé eré Bíbélì ni. Mo lọ sí yunifásítì, mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn, mo sì ń jó títí mo fi jáde. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń kọ ọ́ káàkiri pé ojú pópó ni wọ́n ti he mi. Ẹnikẹ́ni ò he mi. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní ilẹ̀kùn, mo sì gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà tí mi ò lè gbàgbé. Bàbá mi ní àbúrò obìnrin kan tó ń gbé ní Gowon Estate. Ìyá mi fi ọjọ́ orí ju obìnrin yìí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ẹbí kí ìyá mi tó wọlé bí ìyàwó, nítorí náà ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí i, kì í pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ funfun. Ẹnìkan ti lọ fi fíìmù kan han obìnrin yìí, èyí tí mo ti jó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí ojú wa fara hàn fìrí lẹ́yìn gbajúmọ̀. Ó wá sílé wa ní ọ̀sán Sátidé, ó jókòó sórí àga bàbá mi tí bàbá mi ò sí nílé.

"Ìyàwó," ló wí, "ìwọ ni mò ń bá wí." Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì tó pààlà pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì gbọ́ "ìwọ" yẹn ketekete. Títí di òní mo ṣì ń gbọ́ ọ. "Ṣé ìwọ lo ní kí ọmọ wa máa ṣíra sílẹ̀ jó fún ayé wò? Tó bá jẹ́ pé ijó ló fẹ́ jó jẹun, kó wá orúkọ ẹbí míì jó o. Kó yọ tiwa kúrò níbẹ̀."

Ìyá mi ò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kúnlẹ̀, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́. Iwájú pátákó ìkọ̀wé ló ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wá apá àga lẹ́yìn láìwò ó, kò bá a. Orúnkún òsì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé agbede méjì, ìrora mú un, kò lè lọ sílẹ̀, kò sì lè padà sókè. Kí Eyínfúnjowó má bàa mọ̀, ó na ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa nǹkan. Ó ṣà á lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni orúnkún kejì tó kan ilẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ má bínú. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo jáde wá gbé ìyá mi dìde. Mo bi í pé kí ló ṣà nílẹ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́: èèpo ẹ̀pà kan ni. "Ilẹ̀ dọ̀tí ni," ló wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Bàbá mi bá àwọn ará rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò yọ orúkọ lára mi, ṣùgbọ́n ìbínú ọjọ́ yẹn ò kúrò nínú mi. Mo ní tí mo bá máa fi orúkọ tí ìyá mi kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ ṣeré, gbogbo ayé gbọ́dọ̀ rí i, kí wọ́n sì rí ojú tó ni ín.

Ohun tí mo bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí fíìmù tí mo ti jó jù, tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ fún mi ni "Oníjó". Ọkùnrin tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, orúkọ tirẹ̀ pé, wọ́n tún fi ìnagijẹ rẹ̀ sí i. Mi ò bá ọkùnrin yẹn jà. Láìsí i, a ò ní ríran. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kì í fi ijó dánra wò láràárọ̀ Sátidé. Bí oúnjẹ bá dé, àwa la máa ń jẹ kẹ́yìn. Inú yàrá tó ní fáànù ni gbajúmọ̀ ti ń múra. Abẹ́ igi máńgòrò la ti ń ta aṣọ yí ara wa ká. Mo kíyè sí gbogbo rẹ̀, mo sì pa á mọ́ sínú. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ jáde.

Mo ti gbà pé tí mo bá lè sunkún, wọ́n á fún mi ní ibi tí màá ti sọ̀rọ̀. Nítorí náà mo ń kọ́ ẹkún. Ìyá mi wá alùbọ́sà rẹ̀ tì ní kíṣìnì, ó bá a lọ́wọ́ mi níwájú dígí, omi ń dà lójú mi pòròpòrò.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Iṣẹ́ ni."

"Tí o bá ṣiṣẹ́ tán, dá alùbọ́sà mi padà. Mo ti gbé epo kaná."

Mo mú ẹkún mi lọ bá olùdarí eré kan tí mo ti bá ṣiṣẹ́ jù lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ibi tí màá ti sọ̀rọ̀." Ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́. "Ìwọ? Ara ẹ ló ń sọ̀rọ̀. Jẹ́ kẹ́nu ẹ sinmi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Olùdarí yìí kan náà ló pè mí sí iṣẹ́ kan ní Ìgàndò, pé kí n wá jó níbi ìgbéyàwó inú eré. Ìtàn eré náà ò le: ẹbí bàbá ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá ọmọ náà wá lọ kúnlẹ̀ bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Gbajúmọ̀ ni ìyá. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú iṣẹ́ ni àbúrò ọkọ, òun náà ló sì ń gbé báàgì gbajúmọ̀ kiri. Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pe gbajúmọ̀ náà, ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́sí. Ibi ìkúnlẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mọ̀mí ní òun ò kúnlẹ̀. "Kí n kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń gbé báàgì mi? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Eré ni, Mọ̀mí," ni olùdarí wí. "Eré lásán."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó máa wò ó."

Ọmọbìnrin náà, ẹni tí wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún, ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tirẹ̀ látìgbà náà. Ó ń bẹ̀bẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ má bínú mà, kì í ṣe èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀." Wọ́n bẹ Mọ̀mí títí oòrùn fi ga. Níkẹyìn olùdarí wò káàkiri, ojú rẹ̀ bà lé mi lábẹ́ igi. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́. "Oníjó, ó yá. Ẹ wọ aṣọ Mọ̀mí fún un. Ọrùn dé ilẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ la máa yà."

Mo wọ aṣọ. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dá a dúró," ni olùdarí wí. "Ta ló ní kó o jó?"

"Mi ò jó, sà."

"O jó. O sọ̀ kalẹ̀ bíi pé orin ń lọ lábẹ́ ẹ. Ìyá tí wọ́n kọ ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ ni ọ́, kì í ṣe pé wọ́n pè ẹ́ sójú agbo."

Mo tún un ṣe, ó tún jẹ́ ijó. Gbogbo ohun tí mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ orúnkún mi, kò fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Mọ̀mí ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ fáànù rẹ̀. Mo wo ilẹ̀ nítorí ìtìjú. Ìgbà yẹn ni mo rí àga kan nígun yàrá, apá rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí mi, gẹ́gẹ́ bí apá àga ṣe jìnnà sí ìyá mi lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo wá apá àga, mi ò bá a. Mo jẹ́ kí orúnkún òsì kọ́kọ́ lọ. Mo dúró ní agbede méjì, níbi tí ara ò ti fẹ́ dúró. Mo na ọwọ́ sílẹ̀, mo ṣa nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí ìyókù mi kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi ní alùbọ́sà. Mo ní, "Ẹ má bínú. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi."

Ọmọbìnrin yẹn, tí wọ́n ti sọ fún pé kó ká ọwọ́ gbera, kó ṣe ojú le koko, gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá mi mú. "Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wá, a ti jọ jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Ayàwòrán, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wá síwájú mi, ó ń ya ojú mi. Olùdarí gbàgbé láti dá wa dúró. Nígbà tó dá wa dúró, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún.

A kóra jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n yà. Mo rí ojú ara mi níbẹ̀. Olùdarí mi orí títí. Ó ní, "Ó dára. Ó dára gan-an. Ibi tí ojú ẹ̀ ti hàn nìkan la máa gé kúrò. Mọ̀mí á wá jókòó, a máa ya ẹkún wọn."

Orí ẹlòmíì tún fẹ́ gun ara mi. Ṣùgbọ́n orúnkún yẹn kì í ṣe tèmi láti fi tọrẹ. Mi ò bá olùdarí sọ nǹkan kan, torí mo mọ̀ pé ó máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ Mọ̀mí ni mo lọ, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù.

"Mọ̀mí, tí wọ́n bá ya ẹ̀yìn mi, tí wọ́n wá fi ojú yín sí i, ta ni àwọn tó ń wò ó máa sọ pé ó kúnlẹ̀?"

Ó wò mí. "Ṣé ìwọ kọ́ lo kúnlẹ̀ ni?"

"Èmi ni, mà. Èmi náà sì ni mo jó ijó tí wọ́n fi ń yìn yín. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìkọ̀tún, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú ni wọ́n máa ń gbà gbọ́, mà. Wọn kì í wo ẹsẹ̀."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ Mọ̀mí lára, bó ṣe ń rí gbogbo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń wo òun lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ń gbé báàgì òun. Ó pa fáànù. "Olùdarí, ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀. Ẹ yọ mí pátápátá. Ẹ fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n rí i pé òun ló kúnlẹ̀."

"Ìyá ọmọ náà ńkọ́, Mọ̀mí?"

"Kí òun náà ṣe é tán. Èmi á ṣe ìyá ọkọ. Ìyẹn kì í dìde lórí àga."

Bí mo ṣe gba ojú mi padà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò fi ta mí lọ́rẹ. Ìwà àìdáa tí wọ́n ti ń hù sí mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ká pọ̀, mo sì fi ṣí ilẹ̀kùn.

Ipa ìyá yẹn ló fún mi ní àmì ẹ̀yẹ. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pè é pé, orúkọ ẹbí bàbá mi pẹ̀lú rẹ̀, mo sì rìn lọ sórí pèpéle bí ẹni tó mọ ìrìn. Olùdarí ti sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́nu ọ̀nà pé òun lòun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Mo tún un ṣe fún un níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá mi sọ fún mi pé kí n má jó. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn, mo dúpẹ́. Ẹni tó kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ ò sí nínú gbọ̀ngàn yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé "oníjó tẹ́lẹ̀" gba àmì ẹ̀yẹ. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ "tẹ́lẹ̀" kúrò. Wọn ò yọ ọ́. Ẹni tí kì í bá ṣe oníjó, kó lọ gbìyànjú àtidúró ní agbede méjì ìkúnlẹ̀, kó wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Ìgàndò ni mò ń gbé báyìí, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti jáde láyé. Kí n tó kọ èyí, mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí orúkọ ò fi sí níbí. Láìpẹ́ yìí Eyínfúnjowó wá kí wa. Òun náà ti darúgbó, ó sì jẹ́ aláyọ̀ èèyàn nígbà tí kò bá bínú. Ó ní kí n fi fíìmù tí gbogbo èèyàn ń sọ han òun. Nígbà tó dé ibi ìkúnlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nù ún. "Ọmọ wa," ló wí, ó sì dá orúkọ mi, orúkọ ẹbí náà kò gbẹ́yìn, "ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin tó ti kà mí dé ibí ti mọ̀ pé n kì í fi àṣìṣe sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ìyá mi wò mí, ìwò kan ṣoṣo.

"Yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ," ni ìyá mi dáhùn.

"Ìwé dára o, ìyàwó wa," ni Eyínfúnjowó wí. "Ẹ ṣe é, tí ẹ jẹ́ kó kàwé."

Ó sọ "ẹ". Mo gbọ́ ọ ketekete, bí mo ṣe gbọ́ èyí ìṣáájú.

Ìyá mi fẹ́ dìde lọ gbé oúnjẹ wá. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó na sẹ́yìn, tó ń wá apá àga láìwò ó. Mo fẹ́ lọ dì í mú, ṣùgbọ́n ẹni tó sún mọ́ ọn jù mí lọ ti na ọwọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ Eyínfúnjowó ni ìyá mi bá níbẹ̀, ó sì dì í mú dìde. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni mo ti kọ sókè yìí, mi ò sì yọ ìkankan kúrò. Èyí tí wọ́n ṣe sí ìyá mi, òun ló ni ín, ó sì ti pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo lọ bá wọn bu ọbẹ̀.